Bí Ẹ Ṣe Máa Gbin Ixora Síta Tí Ewé Rẹ̀ Kò Ní Pọ́n, Tí Á Sì Máa Tanná Jálẹ̀ Ọdún

Ẹni tó bá ra ixora wálé sábà máa ń gbà pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ti sọ fún un pé igi òdòdó tí kì í yọ èèyàn lẹ́nu ni: ewé rẹ̀ kì í wọ́ dànù, ó ń tutù yọ̀yọ̀ láti oṣù dé oṣù, òdòdó rẹ̀ sì ń yọ ní ìdì-ìdì, òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn bí èèpo ọsàn tó pọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ kí ọdún tó yípo, ewé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òdòdó á dáwọ́ dúró. Onítọ̀hún á rọ omi sí i, á bu ajílẹ̀ sí i, á tún mú àlùmọ́gàjí, á gé e yíká. Bí aájò ṣe ń pọ̀ sí i ni igi náà ń rù sí i.

Lójú tèmi, ixora kì í sábà kú nítorí àìtọ́jú. Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́: ilẹ̀ tí kò bá a lára mu, àti àlùmọ́gàjí tí kò sinmi. Tí ẹ bá rí sí méjèèjì yìí, iṣẹ́ tó máa kù fún yín lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ kò tó nǹkan.

Ixora tí a gbìn sílẹ̀ níta ni mò ń sọ o, níbi tí òtútù kì í ti í mú títí omi á fi dì. Tí omi bá máa ń dì níbi tí ẹ wà, inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ lè gbé e wọlé nígbà òtútù. Ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí ṣì máa wúlò fún yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì, àti téèpù ìwọ̀n
- Bébà tí wọ́n fi ń wo pH (òǹkà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó), àti fínígà díẹ̀ nínú ife
- Ewé jíjẹrà tàbí ajílẹ̀ mìíràn tó ti jẹrà dáadáa, tí kò gbóná mọ́
- Koríko gbígbẹ, ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tó máa kún korobá kan fún igi kọ̀ọ̀kan
- Ajílẹ̀ oníhóró tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún igi tó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan
- Àlùmọ́gàjí mímú tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi
- Igi ixora fúnra rẹ̀

Ìdí tí mo fi fi igi náà sí ìparí ni pé kò yẹ kí ẹ tíì rà á. Ìpele méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí ná.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tó yẹ

Ixora fẹ́ oòrùn. Wákàtí 6 lójúmọ́ ló dára. Wákàtí 4 ló kéré jù tí ẹ bá fẹ́ rí òdòdó tó jọ ni lójú. Lábẹ́ igi ńlá, kò ní kú. Ewé rẹ̀ tilẹ̀ lè dúdú minimini. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ á máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ láti wá ìmọ́lẹ̀ kiri, òdòdó á sì di ohun tí a ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ìdí ògiri. Ó wuni lóòótọ́ kí ixora tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà ṣe é. Igi 7 ni mo gbìn lọ́jọ́ kan náà, láti inú agbo kan náà, omi kan náà ni mo sì ń bù sí wọn. Ìlà náà kò tọ́: èyí àkọ́kọ́ kò jìnnà sí ògiri ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, èyí tó gbẹ̀yìn sì ju mítà kan lọ. Nígbà tó máa fi pé ọdún kan, ojú lásán ló ń fi ìwọ̀n hàn mí: mẹ́ta tó sún mọ́ ògiri ti pọ́n rúsúrúsú, méjì àárín wà láàárín méjì, méjì ìparí dúdú dán. Mo gbẹ́ ìdí èyí àkọ́kọ́. Ọkọ́ mi kò tíì wọlẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan tó fi kan òkúta. Sìmẹ́ǹtì tó ti dì ni, àwọn èyí tó já bọ́ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri, gbòǹgbò igi náà sì ti rọ́ mọ́ ọn.

Ẹfun wà nínú sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ sára ògiri tàbí kóńkéré tuntun ló ń fọ̀ lára ẹfun yẹn sínú ilẹ̀, ẹfun ló sì ń pa kíkan ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ixora kúkúrú jìnnà sí ògiri tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí èyí tó máa ń ga jìnnà tó mítà 1. Ohun kan náà kan ojú ọ̀nà tí wọ́n fi kóńkéré ṣe.

Láàárín igi sí igi, 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà tó fún irú kúkúrú. Irú gíga ń fẹ́ 90 sí 120. Ó máa jọ pé àyè yẹn ti fẹ̀ jù lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀ fún wọn pọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́ ibi tí ẹ yàn. Ẹ wò ó ní aago 9 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán àti aago 3 ọ̀sán. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ níbi mẹ́ta. Tí ẹ bá ń bá àfọ́kù bíríkì àti sìmẹ́ǹtì pàdé, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ sì da iyẹ̀pẹ̀ tuntun síbẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbẹ́ ihò

Ìpele yìí ni wọ́n máa ń fò jù lọ, òun ló sì ń pinnu bí ohun gbogbo yòókù ṣe máa rí.

Òǹkà pH máa ń lọ láti 0 dé 14. 7 ni àárín. Ilẹ̀ tó bá wà lábẹ́ 7 ni ilẹ̀ kíkan. Èyí tó bá ti kọjá 7, kíkan ti kúrò lára rẹ̀. Láàárín 5 sí 6 ni ara ti ń tu ixora jù. Tí ilẹ̀ bá ti ń kọjá 7, irin tó wà nínú rẹ̀ á dì mọ́ ilẹ̀ pinpin, gbòǹgbò kò ní lè fà á mu mọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹ fi lè rí ixora lórí ilẹ̀ tí irin kún inú rẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ tí ebi irin ń pa á. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Kò sí iye ajílẹ̀ tí ẹ lè dà sí i tó máa tún èyí ṣe, àyàfi tí ilẹ̀ náà bá yí padà.

Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó tó 15 sẹ̀ǹtímítà, níbi mẹ́ta, kí ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì sá a gbẹ. Ẹ pín in sí méjì.

Ẹ da fínígà sórí apá kan. Tó bá hó, tó ń yọ ìfófòó bí ìgbà tí ọṣẹ bá bọ́ sómi, ẹfun ti pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn. Tí kò bá hó, ẹ má tíì yọ̀: ìyẹn kàn ń sọ pé ẹfun kò pọ̀ ni, kò sọ pé ilẹ̀ náà kan tó.

Ẹ pò apá kejì mọ́ omi mímọ́ tí wọ́n sè gba ooru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀, ní ìwọ̀n ife kan sí ife kan. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wá ti bébà pH bọ omi òkè rẹ̀. Ẹ má lo omi kànga fún èyí, torí omi kànga ní pH tirẹ̀, ó sì máa ṣi yín lọ́nà.

Ohun tí ẹ máa ṣe sinmi lórí iye tí ẹ bá rí:

- 5 sí 6: Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìpele 3 ló kàn.
- Ó lé ní 6, kò sì tíì dé 7: Ẹ pò ewé jíjẹrà tó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ lè fi ìyẹ̀fun imí ọjọ́ kún un, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Imí ọjọ́ kì í ṣiṣẹ́ kíákíá o. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di kíkan, ó sì máa ń gbà wọ́n ní oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá rí i pé kò tíì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tó tún dà sí i, gbòǹgbò igi rẹ̀ ló máa jó.
- 7 sókè, tàbí ilẹ̀ tó hó nígbà tí fínígà kàn án: Ẹ má bá a jà. Ẹfun tó wà nísàlẹ̀ kò lópin, ẹ ó kàn máa ra imí ọjọ́ títí ayé ni. Ẹ fi pákó tàbí òkúta tí kì í ṣe òkúta ẹfun ṣe ebè gíga tó 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ mìíràn sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo ìkòkò ńlá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da eérú sídìí ixora. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé eérú ń ṣe ewébẹ̀ láǹfààní. Eérú ń pa kíkan ilẹ̀ gan-an bí ẹfun ṣe ń ṣe ni. Èèpo ẹyin náà kò yẹ níbẹ̀.

Ó ku omi. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ máa ka wákàtí. Tí omi bá lọ tán láàárín wákàtí 1 sí 3, ó dára. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, amọ̀ ti pọ̀ jù, gbòǹgbò máa rà. Ebè ni kí ẹ kọ, kó yọrí sókè tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ti mọ iye pH, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Omi kì í dúró sójú kan. Ọ̀kan tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kúrò ní ìpele yìí.

Ìpele 3: Ẹ yan igi náà

Ẹ béèrè bó ṣe máa ń ga tó kí ẹ tó béèrè àwọ̀ òdòdó rẹ̀. Ixora coccinea lè ga ju mítà 2 lọ tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Irú kúkúrú tí ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í sábà kọjá mítà 1. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nora Grant ní ewé tó fẹ̀ àti òdòdó pínńkì, ó sì ń fẹ́ àyè. Ìjà ọjọ́ alẹ́ ni ẹni tó bá gbin irú gíga sábẹ́ fèrèsé ń gbìn, torí ojoojúmọ́ ló máa máa gé e, ẹ ó sì rí i níwájú ohun tí gígé ń fà.

Ẹ má mú èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ mú èyí tó ní ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìdí wá, tí ewé òkè rẹ̀ kò pọ́n. Ẹ yí ewé dà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìdí ọ̀rá tí wọ́n gbìn ín sí: tí gbòǹgbò tó nípọn bí ìka bá ti gba ibẹ̀ jáde, igi yẹn ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Ìpele 4: Gbígbìn

Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú ló dára jù. Tí ẹ bá lè gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò, òjò á bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

1. Ẹ bomi rin igi náà nínú ọ̀rá rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú.
2. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá náà. Jíjìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gíga ọ̀rá lọ.
3. Ẹ fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá náà, ẹ má fa igi náà yọ lọ́rùn. Tí gbòǹgbò bá ti lọ́ yíká bí òṣùká, ẹ fi ìka tú wọn jáde. Tí wọ́n bá le jù, ẹ fi ọ̀bẹ là á lóòró ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ó máa ṣe yín bí ẹni pé ẹ ń ṣe é léṣe, àmọ́ gbòǹgbò tó bá ti lọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tú ara rẹ̀, ibẹ̀ ló máa máa yí títí.
4. Ẹ gbé e sínú ihò, kí ẹ fi ọ̀pá tó tọ́ dábùú ẹnu ihò náà. Òkè ìṣù iyẹ̀pẹ̀ igi gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá, tàbí kó fi 2 sẹ̀ǹtímítà ga jù ú lọ.
5. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ padà, kí ẹ pò ewé jíjẹrà mọ́ ọn, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ gún un.
6. Ẹ rọ omi korobá kan sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
7. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yíká ìdí rẹ̀, kó nípọn tó 5 sí 7 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ kí àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan wà láàárín koríko àti ìdí igi. Koríko tó bá gun ìdí igi máa ń jẹ́ kí èèpo rẹ̀ rà.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni gbígbìn ín jìn jù, pẹ̀lú èrò pé á dúró dáadáa. Ìdí tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò máa ń rà díẹ̀díẹ̀, igi náà lè lo oṣù mélòó kan kó tó ṣàìsàn, ẹ kò sì ní rántí ohun tó fà á. Ìkejì ni bíbu ajílẹ̀ oníhóró sínú ihò. Gbòǹgbò tuntun tó bá kàn án máa jó. Ẹ fi ajílẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù 2.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìka gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí igi. Ibi tí gbòǹgbò àkọ́kọ́ ti yọ gbọ́dọ̀ hàn láìjìn rárá. Tí ilẹ̀ bá ti rì, tí igi bá a rì, ẹ gbé e sókè lónìí. Ó máa le tó bá fi di oṣù tó ń bọ̀.

Ìpele 5: Omi

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́: ojoojúmọ́, àyàfi tí òjò bá rọ̀. Láti ìgbà náà títí oṣù 3: ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti tó, kí omi náà sì wọlẹ̀ dáadáa. Omi wínníwínní tí a ń wọ́n lójoojúmọ́ kì í jìn, gbòǹgbò á wá jókòó sókè ilẹ̀ dè é, oòrùn ọjọ́ kan péré á sì sè wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ewé tó rọ. Ewé ixora máa ń rọ tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó sì tún máa ń rọ tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ń rà nínú omi. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìka ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá gbẹ, ẹ rọ omi. Tó bá tutù tí ewé sì rọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò nídìí omi pátápátá fún ọjọ́ mélòó kan.

Ohun kan ṣì wà. Tí omi yín bá máa ń fi ẹ̀pá funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ẹfun wà nínú rẹ̀, ẹ sì ń fi í pa kíkan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bomi rin igi. Ẹ gbe omi òjò sílẹ̀ fún un nígbà tí ẹ bá lè ṣe é.

Ìpele 6: Ajílẹ̀, àti bí a ṣe ń ka ewé

Ajílẹ̀ oníhóró tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ti tó. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ wọ́n ọn sábẹ́ etí ẹ̀ka, níbi tí òjò ti ń kán sílẹ̀ láti ara ewé, ẹ má kó o jọ sídìí igi. Èyí tí nítírójínì (èròjà tó ń mú ewé hù) pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú tí wọ́n ń wọ́n sórí koríko, á fún yín ní ewé rẹpẹtẹ láìsí òdòdó.

Kí ẹ tó dà ohunkóhun kún un, ẹ já ewé kan, kí ẹ gbé e sójú oòrùn.

Tó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì dúdú bí ẹni pé wọ́n fi gègé fa ìlà aláwọ̀ ewé sórí bébà rúsúrúsú, irin tàbí mánganíìsì (èròjà mìíràn tí igi ń jẹ nínú ilẹ̀) ni kò rí jẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé pH ló fà á. Ẹ padà sí Ìpele 2. Bí ẹ bá ṣe ń tún ilẹ̀ ṣe lọ, ẹ lè fi iron chelate (irin tí wọ́n ṣe lọ́nà tí igi á fi lè fà á mu) tu ewé rẹ̀ lára. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ rọ ọ́ sí, èyí tí wọ́n kọ EDDHA sí lára ló máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí pH ga. Ọ̀pọ̀ nínú irú yòókù máa ń tètè dì mọ́ ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ ewé àgbà nísàlẹ̀ ló ní àmì tó-tò-tó aláwọ̀ pupa tó ṣú, pòtáṣíọ̀mù tàbí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, èròjà méjì tó máa ń wà nínú ajílẹ̀, ni kò tó. Òtútù tó mú jù náà lè fa irú rẹ̀. Tí ewé àgbà kan tàbí méjì bá pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wọ́n sì já bọ́, ọjọ́ wọn ló pé, ẹ má jáyà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ so òwú mọ́ ẹ̀ka tuntun kan lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ewé tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ lè má padà dúdú tán, nítorí náà òun kọ́ ni kí ẹ máa wò. Èyí tó bá yọ lókè òwú láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló máa sọ òtítọ́ fún yín.

Ìpele 7: Gígé

Ẹ sún mọ́ ẹ̀ka kan. Ewé ixora máa ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n kọjú síra wọn. Ní orí ẹ̀ka gan-an, láàárín ewé méjì tó gbẹ̀yìn, ni ìdì òdòdó ti ń jáde. Ibẹ̀ nìkan ni. Òdòdó kì í yọ lára ẹ̀ka, orí rẹ̀ ló ń gùn.

Tí ẹ bá wá gé orí ẹ̀ka náà kúrò lókè ewé méjì, ẹ̀hù á yọ ní ìdí ewé ọ̀tún, òmíràn á yọ ní ìdí ewé òsì. Ẹ̀ka kan ti di méjì nìyẹn, ìdì òdòdó kan á sì di méjì, bí ẹ bá fún wọn láyè láti dàgbà. Ó máa ń gbà wọ́n tó oṣù 2 sí 3. Ẹni tó ń gé ixora ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, òdòdó tí kò tíì yọ ló ń gé. Igi rẹ̀ kò yàgàn. Ó ń rudi lóòótọ́, wọ́n kàn ń gé e dànù ni.

Nítorí náà:

1. Ẹ gé e ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tán ló dára jù.
2. Ẹ kọ́kọ́ wo orí àwọn ẹ̀ka. Tí ẹ bá rí ìrudi tín-ín-rín tó jọ orí abẹ́rẹ́ tó pọ̀ jọ, ẹ dúró títí wọ́n á fi tanná tán.
3. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú àti èyí tó ń ha ara wọn.
4. Ẹ wá gé ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n bí ìka kékeré tó sùn lókè ewé méjì. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà lọ lẹ́ẹ̀kan.
5. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, ọwọ́ ni kí ẹ máa fi ṣẹ́ òdòdó tó ti gbẹ.

Ixora àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ ti di igi gbígbẹ láìléwé ṣeé tún ṣe. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka tó dàgbà jù dé nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Láàárín ọdún 3 gbogbo rẹ̀ á ti di tuntun, ojú ọgbà yín kò sì ní ṣófo lọ́jọ́ kan.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ẹ̀hù méjì gbọ́dọ̀ ti yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí ẹ gé. Àwọ̀ wọn lè pọ́n bí bàbà. Bí ewé ixora kékeré ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í ṣe àrùn, ó máa dúdú tó bá ti gbó.

Ìpele 8: Èèrà ni kí ẹ máa wò

Tí èèrà bá ń to lọ to bọ̀ lára ixora, kì í ṣe igi náà ni wọ́n ń jẹ. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà lórí ọ̀mùnú ewé tó ń mu omi ara igi, tí wọ́n sì ń tọ omi dídùn jáde. Òun ni èèrà ń wá. Irú mìíràn lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ìpẹ́ ẹja, kì í rìn. Omi dídùn yẹn tó bá kán sórí ewé ni nǹkan dúdú bí ẹ̀sán àjà máa ń hù lé lórí. Ẹ lè nù ún títí, á tún padà wá, àyàfi tí kòkòrò bá kúrò.

Ẹ fi omi tó le láti inú rọ́bà fọ̀ wọ́n dànù lówùúrọ̀, ọjọ́ mẹ́ta léra. Ìyẹn sábà máa ń tó. Tí kò bá tó, ẹ po ọṣẹ olómi tí kò le, 5 mìlílítà sí lítà omi 1, kí ẹ kọ́kọ́ tu ú sí ẹ̀ka kan ṣoṣo, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Tí ewé kò bá jó, ẹ tu ìyókù ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá abẹ́ ewé. Èyí tó lẹ̀ bí ìpẹ́ ní láti rí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ yẹn.

*Àyẹ̀wò:* Ọ̀nà èèrà ti dá páropáro. Ewé tuntun yọ láìsí ẹ̀sán lórí rẹ̀.

Ìpele 9: Ẹ mú òmíràn jáde lára rẹ̀

Ẹ̀ka tí ẹ gé ní Ìpele 7 kò yẹ kó lọ sí ààtàn. Ẹ ṣa èyí tí kò ní òdòdó, tí kò rọ̀ bí ọ̀mùnú, tí kò sì tíì le bí igi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: tó bá tẹ̀ díẹ̀ kó tó kán, òun gan-an nìyẹn. Ẹ gé e sí 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, nísàlẹ̀ ibi tí ewé ti yọ. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi méjì òkè sílẹ̀, kí ẹ gé àwọn náà sí ìdajì kí wọ́n má bàa gbẹ ẹ́ lómi.

Ẹ rì í sínú yanrìn tí a pò mọ́ ewé jíjẹrà, ìlàjì sí ìlàjì, kí ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó, kí ẹ sì gbé e sí ibòòji tó mọ́lẹ̀. Oòrùn tààrà á sè é nínú ọ̀rá yẹn láàárín ọ̀sán kan. Ẹ máa ṣí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn lè wọlé. Kò nílò ajílẹ̀ kankan.

Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ewé tuntun tó bá yọ lókè kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, torí ẹ̀ka lè fi agbára tó wà lára rẹ̀ pa ewé láìní gbòǹgbò. Ẹ fi ìka méjì mú un, kí ẹ rọra fà á sókè. Tó bá tẹ̀ lé yín, ẹ dá a padà, kí ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tó bá fa ara rẹ̀ padà mọ́ ilẹ̀, gbòǹgbò ti mú. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ máa bà á díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ wá gbé e padà lọ sí Ìpele 1.